Gbígbọ́ Tí Í Bí Ìgbàgbọ́ Ju Kí Ohùn Ṣáà Máa Wọ Etí Lọ

Ẹsẹ Bíbélì kan wà tí ọ̀pọ̀ Kristẹni mọ̀ sórí, tí wọ́n sì ń lò bí ẹni ń lo oògùn tí wọ́n ti kọ iye ìgbà tí a ó máa mu ún sára ìgò. Róòmù 10:17 ni: "Ǹjẹ́ nípa gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti wá, àti gbígbọ́ nípa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run." Ohun tí wọ́n mú jáde nínú rẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá ṣáà ti ń wọ etí, ìgbàgbọ́ á máa pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á ní kí ènìyàn tan Bíbélì olóhùn sílẹ̀ sùn mọ́jú, kí ó gbọ́ ìwàásù kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, nígbà ogún, kí ó má dáwọ́ dúró títí ìgbàgbọ́ á fi wọlé. Wọn kì í dúró síbẹ̀. Tó bá yá, iye ìwàásù tí ènìyàn ti gbọ́ á di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ onígbàgbọ́ tòótọ́.

Bí a ti ń tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe níhìn-ín ló ń yọjú lọ́hùn-ún, àwọn tó sì ń pa lára jù ni àwọn tó fẹ́ sin Ọlọ́run tọkàntọkàn. Wọ́n gbọ́ títí, ìwà wọn kò yí padà, wọ́n wá rò pé àìgbọ́tó ló fà á, wọ́n sì tún fi kún un. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ohun tó kù kì í ṣe wákàtí mìíràn.

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun tí gbogbo wa ti mọ̀. Jésù sọ ọ́ nínú Mátíù 7 pé ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òun tó sì ṣe é ló kọ́lé sórí àpáta, ẹni tó gbọ́ tí kò ṣe é ló kọ́lé sórí iyanrìn. Àwọn méjèèjì ló gbọ́. Jákọ́bù 1:22 ní kí a jẹ́ olùṣe ọ̀rọ̀ náà, kí a má ṣe jẹ́ olùgbọ́ nìkan. Àwọn tó di ìgbàgbọ́ òdì yìí mú pàápàá mọ ẹsẹ méjèèjì. Wọ́n kàn rò pé Róòmù 10:17 ń sọ nǹkan mìíràn, pé Jákọ́bù ń sọ̀rọ̀ ìwà nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń sọ ọ̀nà tí ìgbàgbọ́ ń gbà dé. Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyẹn, ibẹ̀ ni n ó sì dúró sí.

Ẹ ka ẹsẹ 16. Gbogbo ohun tí a nílò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n máa ń fò dá: "Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gbọ́ ti ìhìnrere." Pọ́ọ̀lù ti to ohun márùn-ún tẹ̀ léra wọn láti ẹsẹ 13 dé 15: a rán oníwàásù, oníwàásù wàásù, àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n gbàgbọ́, wọ́n sì ké pe orúkọ Olúwa. Ẹsẹ 16 wá sọ ibi tí okùn náà ti já. A rán wọn, wọ́n wàásù, àwọn ènìyàn gbọ́, síbẹ̀ àwọn kan kò gbà. Àárín gbígbọ́ àti gbígbàgbọ́ ló ti já. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé èyí ni 17. Báwo ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé àwọn kan gbọ́ tí wọn kò gbàgbọ́ ṣe lè yíjú padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láti sọ pé gbígbọ́ fúnra rẹ̀ ń mú ìgbàgbọ́ wá láìkùnà? Kò lè rí bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹni náà ti gbàgbé ohun tó sọ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn.

Kò gbàgbé. Nínú ẹsẹ 18 ó béèrè bóyá wọn kò gbọ́ ni, ó sì dáhùn fúnra rẹ̀ pé wọ́n gbọ́ dájúdájú. Nínú ẹsẹ 21 ó fa ọ̀rọ̀ Aísáyà 65:2 yọ, níbi tí Ọlọ́run ti ń na ọwọ́ ní gbogbo ọjọ́ sí àwọn ènìyàn aláìgbọràn. Ẹ̀rí wà ṣáájú ẹsẹ 17, ẹ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀: àwọn tí etí wọn gbọ́, tí ọkàn wọn kò gbà. Inú omi ni a ti ń rí ẹja, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo omi ni ẹja wà nínú rẹ̀. Pé ìgbàgbọ́ ń ti inú gbígbọ́ wá kò túmọ̀ sí pé gbogbo gbígbọ́ ló ń bí ìgbàgbọ́.

Ẹni tó bá lè yẹ èdè Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ lẹ́tà náà wò á tún rí ohun kan sí i. Ọ̀rọ̀ ìṣe inú ẹsẹ 16 kì í ṣe akouō, tó jẹ́ kí etí gbọ́ ohùn. Hypakouō ni. Inú akouō ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ, pẹ̀lú hypo, "lábẹ́", níwájú rẹ̀: kí ènìyàn gbọ́ kí ó sì fi ara rẹ̀ sábẹ́ ohun tó gbọ́. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu rẹ́gí, ìyẹn "gbọ́ ti". Mo gbọ́ ẹ yàtọ̀ sí mo gbọ́ tìẹ. Lẹ́yìn náà ni Pọ́ọ̀lù fa Aísáyà 53:1 yọ nínú ẹsẹ 16 kan náà, níbi tí wòlíì ti béèrè ẹni tó gba ìhìn wa gbọ́. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a túmọ̀ sí "ìhìn" níbẹ̀ ni akoē. Ọ̀rọ̀ kan náà, akoē, ni a túmọ̀ sí "gbígbọ́" nínú ẹsẹ 17! Ìtumọ̀ tó pín in sí ọ̀rọ̀ méjì kò jẹ́ kí olùkàwé rí i pé ohun kan náà ni Pọ́ọ̀lù ṣì ń sọ. Ó ń sọ pé ìhìn kan wà, àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan kò gbà á. Ẹni tó gbàgbọ́, inú ìhìn náà ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti wá, ìhìn náà sì dé nípasẹ̀ ọ̀rọ̀ Kristi. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó dàgbà jù lọ kọ "Kristi" síbi tí a ń kà "Ọlọ́run" yìí, èyí sì jẹ́ kó túbọ̀ hàn pé ìhìnrere Jésù ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, kì í ṣe ìró tí ń lọ lábẹ́ oorun.

Èyí mú mi dé orí rhēma, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tí a ń túmọ̀ sí "ọ̀rọ̀"; èkejì ni logos. Àwọn kan á ní logos ni ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, rhēma sì ni èyí tí Ọlọ́run ń sọ sí ọ létí nísinsìnyí, pé rhēma ni Róòmù 10:17 lò, nítorí náà kí a máa gbọ́ títí logos á fi di rhēma. Òótọ́ ni pé rhēma ló wà nínú ẹsẹ náà. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù ti sọ ohun tó ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ẹsẹ 8: ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ tí àwa ń wàásù. Ẹsẹ 9 sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: pé Jésù ni Olúwa, pé Ọlọ́run jí i dìde kúrò nínú òkú. Ìwàásù fún gbogbo ayé ni, kì í ṣe ìsọfúnni àdáni. Nínú Pétérù Kìíní orí 1, logos ni ẹsẹ 23 lò fún ọ̀rọ̀ tí a fi tún wa bí, rhēma ni ẹsẹ 25 lò fún ọ̀rọ̀ Olúwa tó dúró títí láé, tó sì ní òun náà ni ìhìnrere tí a wàásù. Kò sí ògiri láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì tó lè gbé gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ lé e.

Pọ́ọ̀lù kò dá ọ̀nà tuntun sílẹ̀. Nínú Májẹ̀mú Láéláé, ọ̀rọ̀ Hébérù kan, shama, ló ń ṣiṣẹ́ méjèèjì, gbígbọ́ àti ìgbọràn. Òun ló bẹ̀rẹ̀ Diutarónómì 6:4, "Gbọ́, Ísírẹ́lì", ohun tó sì tẹ̀ lé e kì í ṣe ohun tí wọn yóò kàn fetí sí bí kò ṣe ohun tí wọn yóò ṣe: kí wọ́n fẹ́ Olúwa, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ wá wo Sọ́ọ̀lù nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 15. Àṣẹ tó gbà ni pé kí ó pa ohun gbogbo tí í ṣe ti Ámálékì run. Ó dá ọba wọn sí, ó sì mú èyí tó dára nínú ẹran wọn bọ̀. Nígbà tí Sámúẹ́lì dé, Sọ́ọ̀lù ní òun ti ṣe ohun tí Olúwa wí. Sámúẹ́lì béèrè pé, igbe àgùntàn wo wá ni èyí tí òun ń gbọ́? Sọ́ọ̀lù tún ní òun gbọ́ ohùn Olúwa. Sámúẹ́lì wá sọ gbólóhùn tí gbogbo wa mọ̀, pé ìgbọràn sàn ju ẹbọ lọ. Nínú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ìdí ọ̀rọ̀ kan náà, shama, ni wọ́n lò. Etí wòlíì ń gbọ́ ẹ̀rí pé ọba kò gbọ́.

Ó yẹ kí èyí tètè yé ẹni tó ń sọ Yorùbá. Òbí tó ń pariwo pé "Ọmọ yìí kì í gbọ́ràn!" kò sọ pé etí ọmọ náà di. Ẹni tó ní òun gbọ́ èdè kan ń sọ pé ó yé òun. Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìgbàgbọ́: gbà wà nínú rẹ̀, gbọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ tí kò gbà, ìdajì ọ̀rọ̀ ló dì mú.

Ìmọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò ní, tó sì ṣàlàyé ìdí tí Pọ́ọ̀lù fi ń sọ̀rọ̀ gbígbọ́ dípò kíkà. Nígbà tó ń rán lẹ́tà yìí, ìwé wọ́n, ọwọ́ ni a fi ń kọ ọ́, púpọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀wé kà. Òun fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́ ni, Tertiu ń kọ ọ́ sílẹ̀, bí Róòmù 16:22 ti wí. Bí lẹ́tà bá dé, ẹnì kan á kà á sókè, ìjọ á gbọ́. Kólósè 4:16 ní kí a ka lẹ́tà fún ìjọ kan tán kí a sì gbé e lọ fún òmíràn. Gbígbọ́ ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí ìwé títẹ̀ ti ń mú un dé ọ̀dọ̀ wa lónìí. Agbára kankan kò farasin sínú ohùn. Ìfihàn 1:3 súre fún ẹni tó ń kà á àti àwọn tó ń gbọ́, ó sì fi kún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: tí wọ́n sì ń pa ohun tí a kọ sínú rẹ̀ mọ́.

Bí gbígbọ́ púpọ̀ pẹ̀lú ayọ̀ bá jẹ́ àmì ìgbàgbọ́ ni, a jẹ́ pé Hẹ́rọ́dù Ańtípà yege. Máàkù 6:20 sọ pé ó bẹ̀rù Jòhánù Onítẹ̀bọmi, ó ń dáàbò bò ó, inú rẹ̀ sì ń dùn láti gbọ́ ọ. Ohun kan péré ni Jòhánù ń sọ fún un tí kò fẹ́ ṣe: kò tọ́ fún un láti fẹ́ ìyàwó arákùnrin rẹ̀. Ẹni tó ń fi ayọ̀ gbọ́ ìwàásù náà ló pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ́ orí oníwàásù. Ìsíkíẹ́lì 33:30 sí 32 ṣàpèjúwe ìjọ tó kún fọ́fọ́: wọ́n ń pe ara wọn wá, wọ́n jókòó níwájú wòlíì, wọ́n ń gbọ́ ọ bí orin tí ohùn rẹ̀ dùn, wọn kò sì ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀.

Mo ní láti dúró díẹ̀ níbí, nítorí àwọn kan á sáré lọ sí òdìkejì, wọ́n á ní ìgbọràn ló ń rà ènìyàn padà. Éfésù 2:8 àti 9 kò gbà bẹ́ẹ̀: oore-ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe nípa iṣẹ́. Ẹsẹ 10 ló sọ ibi tí iṣẹ́ wà, pé a dá wa nínú Kristi fún iṣẹ́ rere. Àpẹẹrẹ Ábúráhámù ló jẹ́ kí ètò náà yéni jù. Jẹ́nẹ́sísì 15:6 sọ pé ó gba Olúwa gbọ́, a sì kà á sí òdodo fún un. Ẹni ọdún 75 ni nígbà tó kúrò ní Háránì, ẹni ọdún 86 ni nígbà tí a bí Íṣímáẹ́lì, àárín ọdún méjèèjì ni orí 15 bọ́ sí. Ẹni ọdún 100 ni nígbà tí a bí Ísáákì. Nígbà tí ó fi máa mú ọmọ náà gun òkè nínú orí 22, Ísáákì ti tó ẹni tó lè ru igi. Nítorí náà, ó lé ní ọdún 14 láàárín ọjọ́ tí a ka ìgbàgbọ́ rẹ̀ sí òdodo àti ìgbọràn tí Jákọ́bù 2:21 ń tọ́ka sí. Ìgbọràn orí òkè kò ra òdodo tí ó ti gbà ní ọdún wọ̀nyẹn. Ó fi í hàn. Ẹni tó bá mọ iye ọdún yìí kò ní máa fi Pọ́ọ̀lù bá Jákọ́bù jà.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń gbọ́ ní ọ̀nà tó lè so èso? Kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀. Mú ibi kúkúrú, ẹsẹ márùn-ún sí mẹ́wàá. Kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì ka ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Róòmù 10:17 má bàa ṣẹlẹ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ. Béèrè ẹni tí a kọ ọ́ sí. Béèrè ohun tó sọ nípa Ọlọ́run kí o tó béèrè ohun tó ní kí o ṣe, nítorí àṣẹ tí a yà kúrò lára ẹni tó pa á kì í pẹ́ di ẹrù. Lẹ́yìn náà, kọ ohun kan ṣoṣo sílẹ̀ tí wàá ṣe, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kàn àti àkókò tí wàá ṣe é, kí ó má sì kọjá ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, kí o tó ṣí ibòmíràn, wo ohun tí o kọ: ṣé o ṣe é?

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn kọ ohun tí kò ní orí tí kò ní ìdí, irú bí "n ó túbọ̀ nífẹ̀ẹ́ ènìyàn". Ta ni? Nígbà wo? Sákéù kò sọ bẹ́ẹ̀. Lúùkù 19:8 ní ó sọ pé ìdajì ohun ìní òun á lọ fún àwọn tálákà, pé òun á sì san ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Ìyẹn ṣeé kà. Òmíràn ni kí a máa gbọ́ àṣẹ fún ẹlòmíràn: ọkọ á rántí ẹsẹ tó kan ìyàwó, ìyàwó á rántí ti ọkọ, Éfésù 5 á sì kọjá láìkan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta ni kí a mú òfin tí a fún Ísírẹ́lì lábẹ́ májẹ̀mú àtijọ́, bí èyí tó ka aṣọ onírú òwú méjì léèwọ̀ nínú Léfítíkù 19:19, kí a gbé e wọ ọrùn Kristẹni láìwo ohun tí Májẹ̀mú Tuntun sọ. Èyí tó léwu jù ni sísún un síwájú. Jákọ́bù fi olùgbọ́ tí kì í ṣe olùṣe wé ẹni tó wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí tó sì gbàgbé bó ṣe rí nígbà tó yísẹ̀ kúrò. Kò ní dígí náà kò mọ́. Ẹni náà ló lọ. Onítúbú ìlú Fílípì kò dúró kí ilẹ̀ mọ́: wákàtí kan náà lóru ni Ìṣe Àwọn Àpósítélì 16:33 sọ pé ó wẹ ọgbẹ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà, àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ti kan àbà mọ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ṣé a lè fi èyí mọ ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn? Dé ìwọ̀n kan, bóyá. Jòhánù Kìíní 2:3 àti 4 kò fọ̀rọ̀ pa mọ́: ẹni tó ní òun mọ̀ ọ́n tí kò pa òfin rẹ̀ mọ́, èké ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan náà, nínú 1:8, ní bí a bá wí pé a kò ní ẹ̀ṣẹ̀, ara wa ni à ń tàn. Nítorí náà, bí ìgbé ayé ènìyàn ti rí lápapọ̀ ni a lè wò, kì í ṣe ìṣubú kan. Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní òru kan, Júdásì sì wà láàárín wọn fún ìgbà pípẹ́ tí àwọn yòókù kò fura. Ọlọ́ṣà tó wà lórí àgbélébùú kò ní ju wákàtí díẹ̀ lọ; ohun tó lè ṣe láàárín wọn kò ju kí ó bá ẹnìkejì rẹ̀ wí, kí ó jẹ́wọ́ ẹ̀bi, kí ó sì bẹ Jésù, ó sì ṣe wọ́n. Yàtọ̀ sí èyí, Mátíù 7:22 fi hàn pé àsọtẹ́lẹ̀ àti lílé ẹ̀mí èṣù jáde kò tó láti fi mọ ẹnì kan. Mo rò pé òṣùwọ̀n yìí wúlò fún ara ẹni ju bí ó ti wúlò fún aládùúgbò lọ, àti pé ẹni tó bá ń fi í wọn ẹlòmíràn lójoojúmọ́ kò tíì gbọ́ ọ.

Ìkìlọ̀ kan kù tí n kò lè fi sílẹ̀. Àwọn kan á gbọ́ pé ìgbọràn ni àmì ìgbàgbọ́, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìgbọràn sí àwọn. Wọ́n á ní bí o bá gbà gbọ́ lóòótọ́, wàá ṣe ohun tí ìránṣẹ́ Ọlọ́run sọ láìbéèrè. Àwọn Ọba Kìíní orí 13 ti dáhùn. Ọlọ́run sọ fún ènìyàn Ọlọ́run kan láti Júdà pé kó má jẹun, kó má mu omi ní Bẹ́tẹ́lì tí a rán an lọ, kó má sì gba ọ̀nà tó bá wá padà. Wòlíì àgbàlagbà kan wá bá a, ó ní áńgẹ́lì ti bá òun sọ̀rọ̀, pé kí ó padà wá jẹun nílé òun. Irọ́ ni. Ọkùnrin náà gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó padà, ó jẹun, kìnnìún sì pa á lọ́nà. Ó gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run sọ fún un. Àwọn ará Bèríà nínú Ìṣe 17:11 gba ọ̀rọ̀ tayọ̀tayọ̀ lẹ́nu Pọ́ọ̀lù, tí í ṣe àpósítélì, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Wọ́n yìn wọ́n fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o ṣe nǹkan ní orúkọ ìgbàgbọ́, béèrè orí àti ẹsẹ, kí o sì ka èyí tó wà lókè rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí o tó dìde.